Ta Ló Ni Fìtílà Yìí?

Òórùn ẹja gbígbẹ ni ìyá òyìnbó yẹn kọ́kọ́ bá jà kí wọ́n tó di ọ̀rẹ́ mi. Mo rántí bí wọ́n ṣe fi aṣọ ìnujú bo imú lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Alief, tí wọ́n dúró láàárín àpò gàrí àti páálí ẹja bí ẹni tó ṣìnà dé ọ̀run àpáàdì. Síbẹ̀ wọn ò jáde. Oṣù kẹjọ ni, ooru Houston ń bẹ níta bí ẹni ń dín àkàrà, ẹ̀rọ amúlétutù tèmi sì ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Tiwọn, nínú apartment tí wọ́n ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa, ti kú láti ìgbà tí ooru ti bẹ̀rẹ̀, onílé ò sì dá wọn lóhùn. Opó ni wọ́n. Láti England ni ọkọ wọn ti mú wọn wá, ó bá àwọn tó ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ojú òfuurufú ṣiṣẹ́ ní Clear Lake títí ó fi kú, kò fi ọmọ sílẹ̀, ni wọ́n bá kó wá sọ́dọ̀ àwa tí ilé wa ò wọ́n. Mo gbé àga ike kan fún wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó, ẹja ò ní bù yín jẹ." Wọ́n jókòó. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí àga yẹn ṣófo.

Atalẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń rà, ẹyọ kan, èyí tó dà bí ìka ọmọ. Ìtàn ni wọ́n fi ń san oore àga. Gẹ̀ẹ́sì mi nígbà náà, bíi 1993 sí 1994, Gẹ̀ẹ́sì ọjà ni, èyí tí a fi ń sọ pé "last price" àti "no touch am". Tiwọn sì jìn bíi kànga. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ń sọ̀rọ̀, ojú wọn ń sọ̀rọ̀, ohun tí mi ò bá sì gbọ́, mo máa ń ní kí wọ́n tún un sọ, torí ìtàn wọ̀nyẹn kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń jẹ́ kó fò kọjá. Ti obìnrin tó fi irun òkú hun ìbọ̀wọ́ fún ìyàwó tuntun tí ọkọ rẹ̀ gbé wá, tí ìbọ̀wọ́ náà fún ìyàwó lọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbàgbé sínú oko, tí àwọn ẹyẹ dúdú tọ́ dàgbà, tó wá padà wá jẹ ojú ìyá náà. Ẹ wo ayé! Àwa tí òyìnbó kó ìwé wá sọ fún pé òkùnkùn wà lórí àwọn baba wa, àṣé òkú ń bá tiwọn jẹun nínú abọ́ kan náà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí màá fi gbàgbé ohun tí mò ń wọ̀n.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti fìtílà. Wọ́n ní lábúlé ìyá tiwọn, àbàtà ńlá kan wà tó máa ń gbé ènìyàn mì. Obìnrin tálákà kan ń gbé etí rẹ̀, iṣẹ́ tó yàn fún ara rẹ̀ ni pé kó máa tan fìtílà sójú fèrèsé, kí èrò ọ̀nà lè mọ ibi tí ilẹ̀ gbígbẹ wà. Ọlọ́rọ̀ kan nílùú wá jí fìtílà náà, ó gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ńlá rẹ̀, torí pé iná rẹ̀ lẹ́wà. Nígbà tí òtútù dé, tí omi àbàtà dì gbagidi bíi gíláàsì, àwọn tó ti kú sínú rẹ̀ dìde, wọ́n tẹ̀lé iná tí wọ́n mọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, omi ń ro lára rẹ̀ tó, tó, tó. Ó ní, "Ta ló ni fìtílà yìí?" Ọlọ́rọ̀ ní, "Èmi ni mo ni ín." Òkú ní, "A jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ń bọ̀," ló bá wọlé, ó jókòó ti ààrò. Ẹnìkejì dé, ìbéèrè kan náà, èsì kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wọlé títí kò fi sí ibi tí onílé máa fìdí lé nínú ilé ara rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi kún ilé náà dé àjà, fìtílà ṣì ń jó lábẹ́ rẹ̀.

Ibí yìí ni ìyá òyìnbó máa ń gbé ìka kan sókè. "Ó ku ibì kan." Wọ́n ní òkú tó kẹ́yìn, ọmọbìnrin kékeré kan, kò wọlé ọlọ́rọ̀. Ó lọ kan ilẹ̀kùn obìnrin tálákà nínú òkùnkùn tó wà, ó bi í ní ìbéèrè kan náà. Obìnrin náà ní, "Kì í ṣe tèmi. Mo kàn gbé e dání fún ẹni tó ń bọ̀ ni." Ọmọ náà dúpẹ́, ó lọ sùn, àwọn òkú ò sì jí mọ́. Ìyá òyìnbó ní ìdílé àwọn nìkan ló mọ ibẹ̀ yẹn, pé ẹni tó bá sì pa ìtàn náà láìpa á débẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn àlejò yẹn ń bọ̀. Mo ní, "Màmá, kí wọ́n máa bọ̀. Màá ta ẹja fún wọn." Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta nígbà náà, tí àwọn ọmọ wa bá ti ka kéwú tán nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ mùsùlùmí wa, ẹgbẹ́ ní kí àgbà kan máa bá wọn sọ Yorùbá fún wákàtí kan. Yorùbá tí wọ́n gbọ́ kò ju "ẹ káàárọ̀", "wá jẹun" àti "orí ẹ ò dáa ni?" lọ. Èmi ni wọ́n fi síbẹ̀, torí mo ní ẹnu, àwọn tó kàwé ò sì ní àyè. Èmi tí mo fi ìwé kẹta sílẹ̀ lọ sídìí àtẹ ìyá mi! Àwọn ọmọ dókítà àti ọmọ ẹnjiníà ń pè mí ní Ìyá Olùkọ́. Mo ra àga onítìmùtìmù kan tí mo ń gbé sínú bùùtù mọ́tò, torí pé olùkọ́ kì í jókòó sórí ike. Kò sí ohun tí mo ní ní America tó dùn mọ́ mi bí orúkọ yẹn, ì báà ṣe ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé.

Ìjàpá ni mo fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń yán. Ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ ti sú wọn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ni mo bá wọ aṣọ Yorùbá fún fìtílà ìyá òyìnbó. Ọlọ́rọ̀ di baálẹ̀, mo sì fún un lórin, torí àlọ́ tí kò lórin, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Èmi á bi wọ́n pé, "Ta ló ni fìtílà yìí o?" Wọ́n á gbè é lẹ́nu baálẹ̀, "Èmi ni, èmi ni!" Omi tó dì nìkan ni mi ò rí nǹkan fi rọ́pò, torí òkú gbọ́dọ̀ rí nǹkan tẹ̀ rìn. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́nì kankan tó yán lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe fẹ́ débi ọmọbìnrin kékeré yẹn, àwọn bàbá ti ń fun fèrè mọ́tò níta, àwọn ọmọ dìde fùú. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń pa á, ibi tí omi ti kún ilé ni mo ń fi parí rẹ̀. Ọmọ kan bi mí pé ta ló pa á fún mi. Mo ní, "Ìyá mi ni." Irọ́ yẹn yọ̀ jáde lẹ́nu mi bí ilá.

Ti ìbọ̀wọ́ àti ti ọmọ ẹyẹ ni mo tún pa tẹ̀lé e, akọ̀wé ẹgbẹ́ sì máa ń jókòó lẹ́yìn. Ó wá kàwé ní nǹkan bí ọdún méjìdínlógún ṣáájú ìgbà náà, ó ti di ẹnjiníà ní Clear Lake, ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí ehín ń dùn. Ó máa ń gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan síwájú mi. "Fún àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ni, Màmá." Inú mi ń dùn, mo tún máa ń wú ikọ́ kí ohùn mi lè jáde dáadáa. Ẹran tó ń pọ́n ọ̀bẹ fún alápatà ni mí!

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kún tó, ó dìde nípàdé ẹgbẹ́. Mo wà níbẹ̀, mo jókòó ti fíláàsì tíì. Ó ní, "Àwọn parents ń complain. Àwọn ọmọ ò sùn mọ́. Màmá ń gbìyànjú o, àmọ́ America la wà, a nílò ẹni tó ní qualification." Mo wo alága wa, àgbà tí mo máa ń kúnlẹ̀ kí, kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Alága ń wo bàtà ara rẹ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ìyàwó akọ̀wé, ó kó páálí tí wọ́n ya máńgòrò àti ajá sí wá. Ẹnu mi tó ń gé irin, kò gé ewé lọ́jọ́ náà. Mo gbé àga mi sínú bùùtù, mo jókòó sínú mọ́tò nínú oòrùn, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, akọ̀wé wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sí, ó wọ agbádá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bá òun lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà, torí kò sí ọmọ Nàìjíríà tí kì í kọjá níbẹ̀. Èmi tí mi ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ara mi ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Mo tún ní agbádá náà yẹ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ta gàrí lábẹ́ ìwé náà, kí nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà mi tó dúró, tó kà á sókè: ilé ìkàwé kan ní Sharpstown, ọ̀sán Sunday, àlọ́ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ìyá ìyá ẹnjiníà ṣe pa á fún un lábúlé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ó dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan. Ìbọ̀wọ́. Ọmọ ẹyẹ. Fìtílà. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kò sí. Mo wọn gàrí rẹ̀, mo lé e kọjá òdiwọ̀n, torí mi ò rí ìwọ̀n mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé inú tó ń bí ènìyàn kì í dùn. Tèmi dùn. Ó gbóná nínú mi bí tíì alátalẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò mú ọ̀bọ ló ń ṣe bí ọ̀bọ. Nígbà tí akọ̀wé padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, tó ń fọwọ́ kan iṣu kan lẹ́yìn òmíràn bí ẹni tí kò rí iṣu rí, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe iṣu ló wá rà.

Ó ní, "Màmá, ìtàn fìtílà yẹn. Ọmọ mi ló ń bèèrè o. Ariwo pọ̀ níbi ìparí rẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ṣé ó ku nǹkan kan ni?"

Mo ní, "Kí ló tún fẹ́ kù, Ẹnjiníà? Omi kún ilé. Ó tán."

"Ó dà bíi pé..."

"Ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín lórin rẹ̀ dáadáa, kí ọmọ yín lè gbádùn rẹ̀. Tí ẹ bá dé ‘èmi ni, èmi ni’, ẹ fọwọ́ lu àyà. Ẹ lù ú gbì, gbì. Bẹ́ẹ̀ làwọn baálẹ̀ ń ṣe."

Ó lu àyà láàárín ẹja mi. Mo ní, "Ó kù díẹ̀. Ẹ tún un lù." Wallahi, ó tún un lù! Mo mú iṣu kan fún un, mo ní kó máa gbé e lọ fún ọmọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sọ fún ìyá òyìnbó pé ẹnjiníà wa kan fẹ́ pa ìtàn ilẹ̀ wa, pé màá fi mọ́tò gbé wọn lọ. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n dé fìlà olódòdó lọ́jọ́ Sunday náà. Ìlà iwájú pátápátá ni mo mú wọn jókòó sí, èmi jókòó tì wọ́n. Òyìnbó kún ibẹ̀, ẹgbẹ́ wa kún ibẹ̀, alága gúnwà, àwọn ọmọ Saturday wa tò sórí kápẹ́ẹ̀tì. Akọ̀wé rí mi, ó rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé ìbùkún ni mo wá gbà.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi pa á, Yorùbá ló fi kọrin. Bó ṣe mẹ́nu ba àbàtà àti obìnrin onífìtílà, mo gbọ́ tí ọ̀pá ìyá òyìnbó kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó dé ibi tí omi abúlé dì gbagidi tí òkú ń rìn lórí rẹ̀, alága nawọ́ sókè. "Akọ̀wé, ẹ dákun. Ará Ìjẹ̀bú lèmi náà. Ọdún wo ni omi dì lọ́hùn-ún?" Àwọn èèyàn wa bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ní ayé àtijọ́ ni. Alága ní, "Ayé àtijọ́ wo? Kí wọ́n tó dá oòrùn?" Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára agbádá. Ó sáré kọrin, ó lu àyà gbì, gbì, "Èmi ni, èmi ni!" Ó rọ omi kún ilé, ó tẹríba fún àtẹ́wọ́.

Ìyá òyìnbó dìde pẹ̀lú ọ̀pá wọn. "Ọ̀dọ́mọkùnrin, o ò tíì parí rẹ̀."

Ó ní, "Madam, ìtàn ìyá ìyá mi ni."

"Tèmi náà ni. Kí ni ìyá ìyá rẹ sọ pé ọmọbìnrin tó kẹ́yìn ṣe?"

Kò mọ ọmọbìnrin kankan. Wọ́n wá yíjú sí gbogbo èèyàn, wọ́n parí ìtàn náà pẹ̀lú ohùn wẹ́lẹ́. Wọ́n sì kọjú sí akọ̀wé, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé ta ló ni fìtílà. Àwọn ọmọ wa, àwọn tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́, wọ́n rò pé àlọ́ ń lọ ni. Wọ́n dáhùn pẹ̀lú orin, gbogbo wọn pọ̀: "Ta ló ni fìtílà yìí o?" Wọ́n ń wò ó lẹ́nu, wọ́n ń dúró kó gbè é.

Ta ni yóò gbè é? Ó nàka sí mi. "Màmá onígàrí yẹn ló pa á. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ." Mo dìde. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ìyàwó tí wọ́n ń ṣàdúrà fún. Mo rẹ́rìn-ín débi pé gèlè mi yẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ti olóhun ò ju ọjọ́ kan lọ, mo sì jẹ ọjọ́ tèmi tán, mo lá abọ́ rẹ̀.

A wọ freeway, a kọjá ibi tí ọkọ̀ ti ń pọ̀. Ìyá òyìnbó ní, "O mọ̀ pé mi ò ní lè dákẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Nígbà tí àwọn ọmọ bi ọ́ pé ta ló ni ín, kí lo wí?"

Mo ní, "Mo ní ìyá mi ni."

Wọ́n wo ojú ọ̀nà. "A jẹ́ pé ilé tìrẹ náà ni wọ́n ń bọ̀." Nígbà tí a délé, wọn ò jẹ́ kí n bá wọn ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan kọjá, ìkejì kọjá, àga ike ṣófo. Mo ń jẹ ẹ̀san mi, ó ń dùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí mo máa rò ó fún.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni òjò Houston dé, irú èyí tó máa ń bínú sí ìlú. Ojú pópó di odò. Mo wà lẹ́yìn àtẹ mi lọ́sàn-án gangan nígbà tí omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àlejò tó mọ ilé. Ó lọ sídìí àpò gàrí kan, ó jókòó. Ó lọ sí ìkejì, ó jókòó. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìlà wa ni omi wọ̀, mo mọ̀, mi ò ya wèrè. Síbẹ̀, àjà ń jò lórí ẹja, tó, tó, tó, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu mi. Mo ká ìró sókè dé orúnkún, mo wọ́ omi lọ sẹ́yìn, mo gun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wọn, mo kan ilẹ̀kùn ìyá òyìnbó.

Wọ́n ṣí i. Mi ò kí wọn pàápàá. Mo ní, "Màmá, kì í ṣe tèmi. Mo kàn gbé e dání ni."

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí omi ṣe ń ro lára mi. Wọ́n ní, "Ìwọ lo wá dà bí òkú yẹn. Wọlé, ṣùgbọ́n má ba kápẹ́ẹ̀tì mi jẹ́." Wọ́n se tíì. Atalẹ̀ mi ló wà nínú rẹ̀.

Alága fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ mí kí n padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Mo jẹ́ kó bẹ̀ mí níṣojú oníbàárà mẹ́rin, mo sì ní kó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan sí i, torí nọ́ọ̀sì ń bọ̀ láti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí mo padà, mo gbé àga onítìmùtìmù sílẹ̀ fún ìyá òyìnbó, èmi jókòó sórí ike. Fèrè mọ́tò dún níta títí ó fi rẹ àwọn bàbá. A pa á dé ìparí.

Ìyá òyìnbó ti lọ sùn tipẹ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti bímọ, ọmọ wọn ò tún wá gbọ́ ju "wá jẹun" lọ, mo sì ń pa á fún wọn náà. Tí wọ́n bá bi mí, mo máa ń sọ orúkọ obìnrin tó gbé e lé mi lọ́wọ́, àti ti ìyá rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń retí kí n sọ pé mo ti dárí ji akọ̀wé. Èmi kọ́. Ó ti darúgbó, ó ń fi ọ̀pá rìn, ó ṣì máa ń gba ẹnu ọ̀nà kejì tó bá rí mi ní mọ́ṣáláṣí. Èmi kì í bá a jà. Mo kàn máa ń kọrin náà sínú, díẹ̀, kí ó lè gbọ́ ìbéèrè náà. Ìdáhùn wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, gbólóhùn kékeré méjì péré ni. Ọjọ́ tó bá rí i sọ, màá gbé àga fún un.